Ọjọ́ Márùn-ún Lórí Omi Solent: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Iṣẹ́ Ọ̀gákọ̀ Ìgbòkun

Ọjọ́ márùn-ún ni kọ́ọ̀sì Day Skipper, ìyẹn ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń ṣe ọ̀gákọ̀ ìgbòkun, tí àjọ RYA (Royal Yachting Association, àjọ àwọn ọlọ́kọ̀ ìgbafẹ́) ń bójú tó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń gbà. Inú ọkọ̀ lẹ ó máa sùn, ibẹ̀ lẹ ó ti máa dáná, ibẹ̀ náà lẹ ó ti máa kọ́ṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í ju márùn-ún lọ sí olùkọ́ kan. Kò sí ìdánwò ọjọ́ ìkẹyìn. Láti àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ni olùkọ́ ti ń wò yín, bí iṣẹ́ yín bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí. Kì í ṣe agbára apá ló ń wò. Ó ń wò bóyá ẹ mọ ibi tí ọkọ̀ máa wà ní wákàtí kan sí i, bí omi ibẹ̀ ṣe máa jìn tó nígbà náà, àti bóyá ẹ ti sọ ọ́ fún àwọn tó wà lọ́kọ̀ pẹ̀lú yín.

Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló ń lo omi Solent, tó wà láàárín Southampton, Portsmouth àti erékùṣù Isle of Wight. Ibẹ̀ dára fún ẹ̀kọ́ nítorí pé omi rẹ̀ le: ó ń kún, ó ń fà, ó ń sáré, ọkọ̀ ńláńlá sì ń gba àárín rẹ̀ kọjá tọ̀sán-tòru.

Kí ẹ tó lọ

RYA fẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ ti lo ọjọ́ márùn-ún lórí ọkọ̀ ìgbòkun tẹ́lẹ̀, kó ti rin 100 máìlì òkun, kó sì ti lo wákàtí 4 lórí omi lóru. Wọ́n tún fẹ́ kó ti mọ ìpìlẹ̀ bí a ṣe ń ka máàpù òkun. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí. Kọ́ọ̀sì ìwé wà lọ́tọ̀, ó máa ń gbà tó 40 wákàtí, ẹ sì lè ṣe é nílé. Ẹ ṣe é kí ẹ tó wọkọ̀, nítorí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá bí wọ́n ṣe ń ṣírò omi nígbà tí ọkọ̀ ń mì, tí ikùn sì ń rú, kò ní ráyè kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí èèyàn.

Ẹ má gbé àpótí líle wá, kò sí ibi tí wọ́n máa gbé e sí. Báàgì rírọ̀ tó ṣe é ká ló dára. Ẹ mú bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kì í fi àmì sílẹ̀, àpò ìsùn, iná orí tó ní iná pupa, àti oògùn èébì. Wákàtí kan, ó kéré tán, kí ẹ tó kúrò ní èbúté ni kí ẹ ti lo oògùn náà. Tí èébì bá ti dé, ó ti pẹ́. Ẹ bọ́ òrùka. Aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ àti irun dídì gígùn kò bá wíǹṣì, ìyẹn ẹ̀rọ yíyí tí wọ́n fi ń fa okùn, ṣọ̀rẹ́, ẹ so irun sẹ́yìn kí ẹ sì ki aṣọ bọ inú. Ẹ lè gbé ata yín dání, àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dín àkàrà nínú ọkọ̀ tó ń rìn.

Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan

Ẹ yẹ ẹ́ńjìnnì wò kí ẹ tó tan án: omi inú rẹ̀, ọ́ìlì, bẹ́líìtì, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ bóyá omi tàbí ọ́ìlì ti ro síbẹ̀. Tó bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ bẹ ìdí ọkọ̀ wò: omi gbọ́dọ̀ máa tu jáde pẹ̀lú èéfín. Bí kò bá sí omi, ẹ pa á kíá. Ó lè jẹ́ pé ẹ gbàgbé láti ṣí ẹnu ihò tí omi òkun ń gbà wọlé, ó lè jẹ́ koríko òkun tó dí asẹ́, ó sì lè jẹ́ róbà tó ń fa omi ló ti gé. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Tó bá jò, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló máa sá sí, ìṣáná kan sì tó. Torí náà, láti ẹnu sílíńdà ni kí ẹ ti máa pa á lẹ́yìn tí ẹ bá dáná tán.

Ìṣirò omi

Ká sọ pé ìsàlẹ̀ ọkọ̀ yín wọ omi ní mítà 1.9, ẹ sì fẹ́ kí àyè mítà 0.5 kù lábẹ́ rẹ̀. Máàpù ní ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbà jìn ní mítà 0.8 nígbà tí omi bá fà jù lọ. Ẹ ro 1.9 pọ̀ mọ́ 0.5, ẹ yọ 0.8: omi gbọ́dọ̀ fi mítà 1.6 kún kí ẹ tó lè kọjá. Tábìlì omi á sọ aago tí ìyẹn máa ṣẹlẹ̀. Bí máàpù bá kọ nọ́ńbà tí wọ́n fa ìlà sí nídìí, ilẹ̀ tó máa ń yọ síta nígbà tí omi bá fà ni, ríro lẹ ó ro ó, ẹ ò ní yọ ọ́.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ níbí. Ti àkọ́kọ́ ni aago: ọ̀pọ̀ tábìlì ni kì í ka wákàtí kan tí wọ́n ń fi kún aago nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ́ ọn, torí náà ẹ fúnra yín lẹ ó fi wákàtí kan kún un. Ìkejì ni òfin ìdá méjìlá, tó ní omi ń kún ní ìdá 1, 2, 3, 3, 2, 1 láàárín wákàtí mẹ́fà. Ó wúlò níbi púpọ̀, àmọ́ kò wúlò ní Solent. Ní Southampton, omi máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, á dúró pẹ́ lókè, lẹ́yìn náà á wá fà kíákíá. Àwòrán ìtẹ̀sí omi ti èbúté náà gan-an ni kí ẹ lò.

Ìṣàn omi náà ńkọ́? Ní Hurst, níbi tí omi ti há ní ìwọ̀ oòrùn Solent, ó lè sáré tó nọ́ọ̀tì 4 (máìlì òkun mẹ́rin ní wákàtí kan) nígbà òṣùpá tuntun tàbí àrànmọ́jú. Bí ọkọ̀ yín bá ń sá nọ́ọ̀tì 5, tẹ́ ẹ bá bá omi lọ, 9 lẹ ó máa rìn; tẹ́ ẹ bá kojú rẹ̀, 1 péré. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ́kọ́ wo ìwé ìṣàn omi ká tó yan aago ìgbéra, ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ oúnjẹ ọ̀sán. Níbi tí atẹ́gùn bá ti dojú kọ omi tó ń sáré, ìgbì á ga, á sì há mọ́ra.

Ẹ tún yà fún ọkọ̀ ńlá. Ní agbègbè tí wọ́n sàmì sí lórí máàpù lẹ́bàá Cowes, ìlú kan ní Isle of Wight, ọkọ̀ tó gùn ju mítà 150 lọ ní àyè tí kò gbọ́dọ̀ sí ọkọ̀ kékeré níbẹ̀: mítà 1,000 níwájú rẹ̀, 100 ní ọ̀tún àti òsì. Ẹ ṣí rédíò sí ìkànnì 12 kí ẹ lè gbọ́ ẹni tó ń bọ̀.

Fífi ọkọ̀ gúnlẹ̀

Èyí ló ń já èèyàn láyà jù, ìyára ló sì máa ń ba á jẹ́. Ìwọ̀n tí ẹ lè fara mọ́ kí ọkọ̀ fi kọ lu èbúté ni kí ẹ fi wọlé. Ẹ kojú èyí tó bá lágbára jù nínú ìṣàn omi àti atẹ́gùn, òun ni bíréèkì yín. Kí ẹ tó tú okùn láàárọ̀, ẹ fi ẹ́ńjìnnì sí rìfáàsì díẹ̀, kẹ́ ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tí omi ti ń ru jáde. Bí ó bá ru ní ọ̀tún, ìdí ọkọ̀ á máa yà sí òsì nígbàkúùgbà tẹ́ ẹ bá fà sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kó bá yín ṣiṣẹ́: èbúté tó wà ní òsì ló máa rọrùn fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Okùn mẹ́rin ni kí ẹ ti tò sílẹ̀, ẹnu wọn ní ìta wáyà ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Okùn tó gba inú wáyà wọlé kò ní í dáa nígbà tí ẹ bá so ó. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró ní àárín ọkọ̀, kó fi ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, kó má fò, okùn àárín ni kó sì kọ́kọ́ so. Bí ẹni iwájú bá sáré fa okùn tirẹ̀ le, iwájú á wọlé, ìdí ọkọ̀ á yà síta, ariwo á sì bẹ̀rẹ̀. Bí nǹkan bá ti ń wọ́, ẹ tún yípo. Olùkọ́ kì í bínú sí ẹni tó yípo.

Dídín ìgbòkun kù

Bí atẹ́gùn bá ń le sí i, a máa ń dín ìgbòkun kù; ìgbà tó bá kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn ni àsìkò rẹ̀. Ẹ tú okùn ìdarí ìgbòkun ńlá kí atẹ́gùn tú jáde nínú rẹ̀, ẹ sọ okùn ìfàgòkè kalẹ̀ dé ibi àmì, ẹ fi ojú ìgbòkun kọ́ ìkọ́ nídìí òpó, ẹ tún fa okùn ìfàgòkè le, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fa okùn ẹ̀yìn. Bí ẹ bá fa ti ẹ̀yìn ṣáájú, ìgbòkun lè ya. Okùn máa ń yí wíǹṣì bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Ẹ yí i po lẹ́ẹ̀mejì kí ẹrù tó dé, ẹ fi kún un tó bá le, kí ìka sì jìnnà.

Bí èèyàn bá já sómi

Ẹ pariwo, ẹ ju róbà ìléfòó, kí ẹnì kan nawọ́ sí ẹni náà láìgbójú kúrò. Ẹ yí iwájú ọkọ̀ gba inú atẹ́gùn, ẹ má fọwọ́ kan okùn ìgbòkun iwájú. Ọkọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ká ìgbòkun iwájú. Kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹ wò yíká bóyá okùn kan wà nínú omi, torí ó lè wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ìdí ọkọ̀, ẹni méjì ló wá wà nínú wàhálà nìyẹn. Ẹ pa á sí nútírà nígbà tẹ́ ẹ bá súnmọ́ ọn. Ẹnì kan kò lè fọwọ́ gbé ẹni tí aṣọ rẹ̀ ti fa omi; okùn ìfàgòkè àti wíǹṣì ló ń ṣe é. Bí ẹ kò bá tètè rí i gbé, ẹ pe Mayday, ìyẹn igbe ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì, lórí rédíò ní ìkànnì 16.

Lóru, iná pupa ni òsì ọkọ̀, àwọ̀ ewé ni ọ̀tún, funfun ni ẹ̀yìn. Bí ẹ bá rí pupa àti ewé pa pọ̀, yín ni wọ́n ń bọ̀ wá bá.

Ìwé ẹ̀rí rédíò VHF, ìyẹn rédíò ìbánisọ̀rọ̀ inú ọkọ̀, kò sí nínú kọ́ọ̀sì yìí, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbà á. Kí ẹ tó gbé báàgì yín sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ karùn-ún, ẹ kọ máìlì tí ẹ rìn àti wákàtí òru sínú ìwé àkọsílẹ̀ yín, kí olùkọ́ sì fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀.