Bí ẹ ṣe lè rin ìrìn Boiling Lake ní Dominica kí ẹ sì padà láyọ̀

Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ wò ó dáadáa: Dominica ni, kì í ṣe Dominican Republic. Erékùṣù òkè ayọnáyèéfín ní Caribbean ni, Roseau sì ni olú-ìlú rẹ̀. Boiling Lake jẹ́ adágún tí omi rẹ̀ ń hó, láàárín òkè. Abúlé Laudat tó wà lórí òkè, lẹ́bàá Titou Gorge (ọ̀gbun tóóró tí omi ń gbà kọjá), ni ìrìn náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àlọ àti àbọ̀ tó kìlómítà 13. Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn tàn yín jẹ: wákàtí 6 sí 8 ló ń gbà, torí òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, ọ̀nà kan náà lẹ ó sì gbà padà.

Ẹ bá amọ̀nà ṣàdéhùn sílẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì ti gbéra kí aago 8 àárọ̀ tó lù. Ẹni tó bá dúró di ọ̀sán, inú igbó ni ilẹ̀ yóò ṣú u sí. Oṣù Kejì sí Oṣù Karùn-ún ni òjò máa ń dẹwọ́ díẹ̀. Síbẹ̀ ẹ mú ẹ̀wù òjò, oúnjẹ, ó kéré tán lítà omi 2, àti bàtà tó ń di ilẹ̀ mú. Sálúbàtà kò lè gbé yín débẹ̀.

Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí kan, ẹ ó dé odò Breakfast River. Ẹ jẹun díẹ̀, kí ẹ sì pọn omi kún ike yín, torí omi iwájú ti ní imí ọjọ́ nínú, kò ṣeé mu. Ibẹ̀ ni àtẹ̀gùn onígi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè Morne Nicholls. Ẹ rọra gùn ún. Agbára tí ẹ bá ná síbẹ̀ ni ẹ ó máa wá nígbà àbọ̀.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ sí Valley of Desolation ló le jù, pàápàá tí òjò bá ti rọ̀. Ẹ kọjú sí òkè, ẹ di òkúta mú, kí ẹ sì máa fẹsẹ̀ wá ibi tí ẹ ó tẹ̀. Ní àfonífojì náà, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń rú èéfín. Níbòmíràn, èèpẹ̀ tó bo omi gbígbóná kò nípọn rárá, ó lè ya lábẹ́ ẹsẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ amọ̀nà gan-an ni kí ẹ máa tẹ̀. Imí ọjọ́ sì máa ń sọ fàdákà di dúdú. Ẹ fi òrùka sílé.

Adágún náà fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 60. Ihò tí gáàsì abẹ́ ilẹ̀ ń gbà jáde ni omi òjò àti odò kéékèèké kún, ìdí nìyẹn tó fi ń hó lágbedeméjì, tí etí rẹ̀ sì gbóná tó ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 82 sí 92. Ó máa ń fà nígbà mìíràn: ní ìparí 2004 ó fà wálẹ̀ gan-an, kó tó tún kún ní 2005. Tí kùrukùru bá bò ó, ẹ ní sùúrù kí afẹ́fẹ́ ṣí i. Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ lọ sí bèbè. Gáàsì ti pa ènìyàn níbẹ̀ rí, ní 1901.

Tí ẹ bá padà dé Titou Gorge, omi tútù rẹ̀ yóò tu iṣan yín lára. Ṣùgbọ́n tó bá ṣàdédé pọ́n tàbí tó ń ga sí i, òjò ti rọ̀ lókè nìyẹn. Ẹ jáde kíákíá.