Ẹ má gba ọtí lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì: bí àbúrò mi ṣe jáwọ́ nínú ògógóró

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí lè dà bí ẹni pé mo ń gbè lẹ́yìn ọtí. Rárá o. Ẹni tó bá ti ń mu ọtí líle láràárọ̀ fún ọdún gbọọrọ, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n kó tó fẹnu kan ife àkọ́kọ́, ẹ má tì í mọ́lé kí ẹ ní ó ti jáwọ́ nìyẹn. Ó lè kú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló mọ̀ pé ọtí ń pa èèyàn, àwọn tó mọ̀ pé fífi í sílẹ̀ lójijì náà ń pa èèyàn kò pọ̀.

Mẹkáníìkì ni àbúrò mi, l'Ábẹ́òkúta ńbí. Ní gáréèjì tó ti ń ṣiṣẹ́, ìyá aláparaga ti máa ń jókòó kí ọ̀gá tó ṣí ilẹ̀kùn. Àgbo jẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ ni wọ́n fi ń ṣínu. Tó bá di ọ̀sán, ó di ọtí inú ọ̀rá, tí wọ́n ń já létí bí ẹni ń já omi inú ọ̀rá. Kì í ṣe ẹni tó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ kiri àdúgbò, iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó pè é ní àìsàn.

Ìgbà kan ti wà tí Màmá wa mú un lọ sí ilé àdúrà. Wọ́n ní kó gbààwẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ọtí. Lọ́jọ́ kejì, ó ṣubú, ara rẹ̀ le gbagidi, ó ń já, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn kan ní wárápá ni, àwọn kan ní ayé ni. Bó ṣe padà sílé ló padà sídìí paraga, ara sì tù ú, gbogbo wa wá gbà pé ọtí ló ń dá gìrì náà dúró. Ohun tí a gbà yẹn kì í kúkú ṣe irọ́ pátápátá, bí mo ṣe wá mọ̀ lẹ́yìn náà.

Lọ́tẹ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló wá bá mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti sú mi." Kí n tó ṣe ohunkóhun, mo pe ọmọ àbúrò bàbá wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Kò bi mí ní iye tó ń mu pàápàá kó tó bi mí pé, "Ṣé gìrì ti mú un rí nígbà tó dáwọ́ dúró?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kó dáwọ́ dúró nílé o. Ẹ jẹ́ kó máa mu díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi mú un dé ilé ìwòsàn. Ẹ má sì ra oògùn oorun kankan fún un ní kẹ́míìsì, nítorí bí ọtí àti oògùn yẹn bá pàdé, èémí lè dúró."

Màmá wa pariwo. "Èmi ni kí n fi owó mi ra ọtí fún ọmọ mi?" Èmi ni mo rà á. Mo fi ọ̀rá ọtí sínú àpò ṣòkòtò, a wọ takisí, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ní ojú ọ̀nà mo já a fún un. Dẹ́rẹ́bà ń wò mí láti inú dígí bí ẹni ń wo ọ̀daràn.

Aro, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tó wà l'Ábẹ́òkúta ńbí, la gbé e lọ. Ìyẹn náà tún dìjà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹni tó ń rìn níhòòhò lọ́jà nìkan ni wọ́n ń gbé lọ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ọtí àti oògùn olóró níbẹ̀ dáadáa. Látìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1954 ni wọ́n ti mọyì kí ẹbí wà nítòsí. Nígbà náà, aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ á máa gbé ní àwọn abúlé tó yí ibẹ̀ ká, aláìsàn á sì máa wá gba ìtọ́jú lójú mọmọ. Èmi náà dúró ti àbúrò mi.

Dókítà tó gbà wá, obìnrin ni, ó ní kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Ó wo bí wọ́n ṣe ń gbọ̀n. Ó bi í nígbà tó mu ọtí kẹ́yìn, kì í ṣe ọjọ́, wákàtí ló fẹ́. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ láti wo ẹ̀dọ̀, ṣúgà àti iyọ̀ ara. Ó wá ṣàlàyé fún Màmá lọ́nà tí mi ò lè gbàgbé. Ó ní, "Mà, ọtí ń ti ọpọlọ ọmọ yín wálẹ̀, ọpọlọ náà ń ti ara rẹ̀ sókè kó má baà sùn. Ẹni méjì ló ń ti ilẹ̀kùn kan lódìkejì ara wọn. Bí ẹnì kan bá kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, èkejì á já wọlé gìrìgìrì." Ó ní gìrì tó mú un nílé àdúrà kì í ṣe wárápá, ilẹ̀kùn yẹn ló já. Ó sì ní bí èèyàn bá ń jáwọ́ tó ń padà, tó tún ń jáwọ́, ti ẹ̀yìn máa ń le ju ti ìṣáájú lọ.

Abẹ́rẹ́ fítámì B1 ni wọ́n kọ́kọ́ gún un kí wọ́n tó fún un ní omi gúlúkóòsì rárá. Ẹ fetí sí èyí, nítorí pé nílé, omi gúlúkóòsì la máa ń sáré so mọ́ ẹni tó rẹ̀. Ọtí ti gbẹ B1 tán lára ọ̀mùtí. Bí gúlúkóòsì bá ṣáájú, ìwọ̀nba tó kù á tán, ojú lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí, èèyàn á máa kọsẹ̀, ìrántí sì lè lọ tí kò ní padà. Àwọn ará ilé á ní ọtí ló ṣì ń pa á.

Oògùn tí wọ́n fi rọ́pò ọtí ni diazepam, èyí tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí ọtí ń ṣe nínú ọpọlọ. Wọ́n á fún un dáadáa lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n á wá máa dín in kù. Nọ́ọ̀sì ní ìwé kan tó ń fi gba máàkì, ìbéèrè 10: òógùn, ọwọ́ gbígbọ̀n, èébì, ìbẹ̀rù, orí fífọ́, ohun tó ń rí, ohun tó ń gbọ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo máàkì tó wà nínú ìwé náà jẹ́ 67. Bí ti àbúrò mi bá ṣe ń gòkè ni oògùn ṣe ń pọ̀.

Wákàtí 6 sí 12 lẹ́yìn ife ìkẹyìn, ọwọ́ gbígbọ̀n, òógùn àti èébì ni. Kò sùn. Ìyẹn ṣì kéré.

Kó tó pé wákàtí 24, ó ní kí n lé àwọn èèrà tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kúrò. Kò sí èèrà. Àmọ́ ó mọ̀ mí, ó mọ ibi tó wà. Dókítà ní bó bá ṣì mọ ibi tó wà, ẹ̀rù kò tíì ba òun. Títí wákàtí 48 ni gìrì lè dé, wọ́n gbé irin ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì sókè nítorí rẹ̀. Gìrì kò dé.

Mo rò pé a ti bọ́. Alẹ́ kẹta ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ara rẹ̀ gbóná, àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì, ó ń fi orúkọ bàbá wa tó ti kú pè mí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó tẹ̀ síwájú, ó ń fi sípánà tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ tú bóòtù tí kò sí. Ó ní kí n bá òun di jáàkì mú kí ọkọ̀ má baà já lu òun. Mo bá a dì í mú. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Nọ́ọ̀sì sáré dé, wọ́n gún un ní diazepam sínú iṣan, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì wọn, wọ́n sì fi iná sílẹ̀ ní títàn. Èyí ni ìpele tó ń pani jù, ó sábà máa ń dé láàárín wákàtí 48 sí 96. Nígbà tí kò tíì sí ìtọ́jú, ó lè pa tó ẹni 3 nínú 10. Pẹ̀lú ìtọ́jú, kò tó 5 nínú 100. Ilé ni ìbá wà, a ò bá ti máa pe wòlíì.

Nígbà tí ó jí lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó béèrè ẹ̀bà. Kò rántí sípánà kankan.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò le tó bẹ́ẹ̀, ó kàn gùn ni. Oorun kò tètè padà, inú ń bí i lórí ohun tí kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni gáréèjì ṣì wà níbi tó wà. Lẹ́yìn tí wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n fún un ní disulfiram. Ẹni tó bá lò ó tó sì fẹnu kan ọtí, ojú á pọ́n, àyà á máa lù, á máa bì, kódà bó bá tó ọ̀sẹ̀ 2 tó ti gbé oògùn náà mì kẹ́yìn. Ọtí tó wà nínú àgbo náà kò yàtọ̀. Màmá wa, tó bá mi jà lórí Aro, ti wá di ọ̀gá nínú ọ̀ràn yìí. Alágbo kan kò lè gbé igbá sọ̀ ní iwájú ilé wa kí wọ́n má bi í pé, "Omi lo fi rẹ ẹ́ àbí ọtí? Ṣí i, jẹ́ kí n gbóòórùn rẹ̀."