Ààrò Mẹ́ta: Bí Àdéhùn Ojú Ọjọ́ Àgbáyé Ṣe Kan Oko àti Ilé Yín

Ẹ lọ sí ẹ̀yìn fíríìjì yín, tàbí kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ inú. Ẹ ó rí bébà kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Nínú gbogbo nọ́ńbà tó kún ojú bébà yẹn, ẹ wá èyí tó fi lẹ́tà R bẹ̀rẹ̀: R-12, R-134a, tàbí R-600a. Orúkọ gáàsì tó ń mú kí inú ẹ̀rọ náà tutù nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀, torí pé inú nọ́ńbà kékeré yẹn ni àdéhùn tí gbogbo ìjọba ayé jọ tọwọ́ bọ̀ gbà wọlé tọ̀ yín wá, láìkan ilẹ̀kùn.

Àwọn àgbẹ̀ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ máa ń bi mí pé, "Kí ló kàn wá nínú ìpàdé ojú ọjọ́ tí àwọn olórí ìjọba ń ṣe ní ìlú tí a ò dé rí?" Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Bí ìkòkò lórí ààrò ni irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ rí, ohun mẹ́ta ló sì gbé e dúró: àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ìjọba, àti àwọn ilé-iṣẹ́. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá yọ ọ̀kan níbẹ̀, ẹni tí kò ní oúnjẹ mìíràn nílé ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára, àgbẹ̀ sì wà níwájú nínú àwọn yẹn.

Bí R-12 ṣe kúrò nílé wa

Ní 1974, Mario Molina àti Sherwood Rowland, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì ní Amẹ́ríkà, sọ ọ́ di mímọ̀ pé àwọn gáàsì tí wọ́n ń pè ní CFC, tí R-12 jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kì í parẹ́ bọ̀rọ̀ bí wọ́n bá tú jáde. Ńṣe ni wọ́n ń gòkè lọ títí wọ́n á fi dé òkè ibi tí gáàsì ozone wà, tí wọ́n á sì máa jẹ ẹ́ run. Ozone yìí ló ń gba ìtànṣán oòrùn tó ń fa jẹjẹrẹ awọ ara tó sì ń ṣe irúgbìn níbi dúró lókè fún wa. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe gáàsì náà kọ́kọ́ jiyàn gidi. Nígbà tó di 1985, Joseph Farman, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì fi hàn pé ozone tó wà lókè Antarctica, ilẹ̀ yìnyín tó wà ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé, ti ń fẹ́lẹ́ gan-an lọ́dọọdún. Ọ̀rọ̀ di kánjúkánjú. Ní 1987, àwọn ìjọba pé jọ sí Montreal ní Kánádà, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn láti dín gáàsì náà kù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, DuPont, tó ń ṣe é ju ilé-iṣẹ́ yòókù lọ, kéde pé òun yóò jáwọ́. Ní 1990, wọ́n fẹnu kò láti dá àpò owó kan sílẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ọwọ́ wọn kò tó nǹkan lè rí owó pààrọ̀ ẹ̀rọ. Lónìí, gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló wà nínú àdéhùn náà, ozone sì ti ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀.

Kì í ṣe ìbuwọ́lù ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí. Àdéhùn Montreal ní ìgbìmọ̀ kan tí àwọn ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ àti àwọn onímọ̀ ti jọ ń jókòó, tí wọ́n ń sọ fún ìjọba pé, "Èyí ti ṣeé pààrọ̀ báyìí, ìyẹn ṣì kù díẹ̀." Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Onímọ̀ mọ̀ pé gáàsì náà burú, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe fíríìjì ló mọ ohun tó lè rọ́pò rẹ̀. Ìjọba ló sì lè sọ ọ́ di òfin fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ilé-iṣẹ́ tó ṣe dáadáa má baà pàdánù ọjà sọ́wọ́ èyí tí kò bìkítà.

Iṣẹ́ náà kò tíì parí. R-134a tó rọ́pò R-12 kì í ba ozone jẹ́, àmọ́ ó ń mú ayé gbóná: láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, ooru tí kílò kan rẹ̀ ń fà tó ti nǹkan bíi kílò 1,430 káàbọ́nù dáyọ́ksáìdì, gáàsì inú èéfín tó ń mú ayé gbóná, tí a máa ń pè ní káàbọ́nù lásán. Láti 1992, ẹgbẹ́ Greenpeace tó ń jà fún àyíká, àwọn onímọ̀ láti ìlú Dortmund àti ilé-iṣẹ́ fíríìjì kan tó fẹ́ kógbá sílé ní ìlà-oòrùn Jámánì ti jọ ṣe fíríìjì tó ń lo gáàsì tó bá gáàsì ìdáná tan. Ìdílé gáàsì yẹn ni R-600a ti wá, ooru tó ń fà kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti R-134a. Ní 2016, ní Kigali ní Rùwáńdà, àwọn ìjọba fi kún àdéhùn Montreal pé kí àwọn gáàsì bíi R-134a máa dín kù.

Ohun tó kàn yín níbẹ̀ rèé. Bí fíríìjì tàbí ẹ̀rọ amúlétutù bá bàjẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tún un ṣe tú gáàsì inú rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́. Ẹ ní kó fà á sínú sílíńdà. Bó bá jẹ́ R-600a, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kàn án, torí ó ń gbiná. Bí ẹ bá fẹ́ ra èyí tí ẹlòmíràn ti lò, ẹ ka bébà yẹn kẹ́ ẹ tó dúnàá dúrà. Ẹ fi abala ìwé kan há ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ kẹ́ ẹ sì fà á: bó bá yọ láìdi ọwọ́ yín mú rárá, rọ́bà rẹ̀ ti gbó, iná tí ẹ̀rọ náà ń jẹ ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Káàbọ́nù le ju R-12 lọ

Ilé-iṣẹ́ díẹ̀ ló ń ṣe CFC nígbà náà. Káàbọ́nù ní tirẹ̀ ń jáde láti ara ọkọ̀, jẹnẹrétọ̀, ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì, àti igbó tí a ń dáná sun. Ìdí nìyẹn tí àdéhùn ti ojú ọjọ́ fi ń falẹ̀, mi ò sì ní tàn yín pé kò falẹ̀.

Ní 1988, Àjọ Ojú Ọjọ́ Àgbáyé àti ẹ̀ka ètò àyíká Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá ìgbìmọ̀ IPCC sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ka ìwádìí tí àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ti ṣe, kó sì sọ fún ìjọba ohun tó dájú àti ohun tí kò tíì dájú. Wọn kì í sanwó fún àwọn onímọ̀ tó ń kọ ọ́, àwọn aṣojú ìjọba sì ń yẹ àkópọ̀ rẹ̀ wò ní ìlà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Àdéhùn àkọ́kọ́ wáyé ní 1992 ní Rio de Janeiro. Èyí tí a ń lò jù báyìí ni ti Paris, ọdún 2015: kí ooru ayé má ṣe fi dígírì Celsius 2 ju ti ayé àtijọ́, kí ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó gbòde, lọ, kí wọ́n sì sapá kó má ju 1.5 lọ. Ọdún 2024 nìkan ti kọjá 1.5 yẹn díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpíndọ́gba ọ̀pọ̀ ọdún ni àdéhùn náà ń wò.

Kò sí ìjìyà fún orílẹ̀-èdè tó bá kùnà nínú àdéhùn Paris. Ìtìjú àti ojú aráàlú ló gbé e dúró. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni ìjọba kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ètò tuntun wá, gbangba ni ètò náà sì wà fún ẹnikẹ́ni láti kà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn àdúgbò yín pé, "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ nípa oko?" Bí kò bá mọ̀, ẹ ní kó lọ wádìí wá.

Owó àti ìwé

Ní 2009, àwọn orílẹ̀-èdè olówó ṣèlérí pé nígbà tó bá fi di 2020, àwọn yóò máa kó bílíọ̀nù 100 dọ́là jọ lọ́dọọdún fún àwọn tí kò lówó, kí wọ́n lè kojú ìyípadà ojú ọjọ́. Wọ́n pẹ́ ọdún méjì kí wọ́n tó mú un ṣẹ. Ní ìpàdé ojú ọjọ́ tó wáyé ní Baku, ní orílẹ̀-èdè Azerbaijan, ní 2024, wọ́n sọ pé yóò di bílíọ̀nù 300 lọ́dún nígbà tó bá fi di 2035. Owó báyìí kì í dé ọwọ́ àgbẹ̀ kan ṣoṣo. Báńkì, iléeṣẹ́ ìjọba àti àjọ tí wọ́n ti yẹ̀ wò ló ń gbà á. Nítorí náà, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ní ìwé àkọsílẹ̀ tó mọ́ ló lè bá wọn sọ̀rọ̀.

Èyí tó ń tètè dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ ra káàbọ́nù: ẹ gbin igi tó ń fa káàbọ́nù mọ́ra, tàbí kẹ́ ẹ dín ilẹ̀ títú kù kí káàbọ́nù lè dúró nínú ilẹ̀, wọn á sanwó, wọn á sì ta èrè rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń tú èéfín. Ó lè dára. Ṣùgbọ́n mo ti bá àgbẹ̀ kan jókòó tó tẹ̀ka sí ìwé tí kò yé e, tí kò sì mọ̀ pé òun kò gbọ́dọ̀ gé igi tó wà lórí ilẹ̀ bàbá òun mọ́ títí ọmọ òun yóò fi dàgbà. Ó dùn mí títí dòní. Ẹ béèrè iye ọdún tó máa gbà, ẹni tó ń wọn káàbọ́nù náà, ìgbà tí owó ń wọlé, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí iná bá jó igi náà. Ẹ gba ẹ̀dà kan ní èdè tí ẹ gbọ́, kẹ́ ẹ gbé e sùn ní alẹ́ mélòó kan kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i.

Fún ẹni tó ń gbin ìrẹsì sínú omi, ọgbọ́n kan wà tí kò nílò ìwé rárá. Oko tí omi dá dúró sí ń tú gáàsì methane, tí òun náà ń mú ayé gbóná, jáde. Àwọn onímọ̀ ní ibùdó ìwádìí ìrẹsì IRRI ní Philippines kọ́ àgbẹ̀ láti ri páìpù tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 30 mọ́lẹ̀, kí ìdajì rẹ̀ wà nínú ilẹ̀, kí wọ́n sì lu ihò sí ìdajì ìsàlẹ̀ yẹn. Bí omi inú rẹ̀ bá ti fi sẹ̀ǹtímítà 15 wà nísàlẹ̀ ojú ilẹ̀, ẹ tún fún oko lómi. Nígbà tí ìrẹsì bá ń yọ òdòdó, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ. Omi tí wọ́n ń lò lè dín kù tó ìdá 30 nínú 100, methane náà á sì dín kù gan-an.

Ẹ wọn òjò yín

Láti 1873 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti ń ṣètò láti máa fún ara wọn ní ìròyìn ojú ọjọ́, torí òjò kò mọ ààlà. Kódà bàálù àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kó èrò ń wọn ooru àti afẹ́fẹ́ bí wọ́n ṣe ń fò, wọ́n sì ń fi ránṣẹ́. Nígbà tí ọ̀pọ̀ bàálù dẹ́kun fífò ní 2020 nítorí àrùn kòrónà, ìròyìn yẹn já wálẹ̀ gan-an. Síbẹ̀, bàálù àti sátẹ́láìtì kò lè mọ iye òjò tó rọ̀ sórí ebè yín gẹ́lẹ́.

Ẹ wá agolo tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ bákan náà. Ẹ gbé e síta gbangba, kí ó jìnnà sí igi tó ìlọ́po méjì gíga igi náà, kẹ́ ẹ sì dè é kí afẹ́fẹ́ má dà á nù. Láràárọ̀, ní aago kan náà, ẹ fi rúlà wọn omi inú rẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kẹ́ ẹ sì da omi náà nù. Mìlímítà kan túmọ̀ sí lítà omi kan lórí mítà kan níbùú lóròó. Ọjọ́ tí òjò kò bá rọ̀, ẹ kọ 0. Ẹ má ṣe fò ó, torí bí ojú ìwé bá ṣófo, ẹni tó bá ń kà á ní ọ̀fíìsì ọ̀gbìn kò ní mọ̀ bóyá ilẹ̀ gbẹ lọ́jọ́ yẹn ni, tàbí ẹ gbàgbé.