Kìlómítà 97 lórí ìlà tí kò ju 64 lọ

Nínú ọyẹ́ ni ìlà iná ńlá kan, kìlófóòtì 161, tó gba ẹ̀bá Kétu kọjá, ṣàdédé pa ara rẹ̀. A tàn án padà, ó tún kú lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹ̀rọ ààbò tó wà ní orí kan ìlà náà ní kìlómítà 43 sí òun ni ọ̀ràn wà. Àwọn ará wa rìn débẹ̀, wọ́n wo òpó títí ọrùn fi ń dùn wọ́n, wọn ò rí nǹkan kan. Ni ọ̀gá bá pè mí: "Ìwọ tó ò ń fi PMU yangàn, ó yá o." PMU ni ẹ̀rọ tó ń wọn ìgbì iná lórí ìlà.

Ẹ̀rọ tó ń wo ìlà láti orí kan ṣoṣo máa ń ṣìnà bí iná bá gba ara igi tàbí ilẹ̀ gbígbẹ lọ. Ìdènà tí igi náà ní, ó máa ń kà á mọ́ gígùn wáyà. PMU méjì, ọ̀kan ní orí kọ̀ọ̀kan, lè yọ wá nínú èyí. Wọ́n ń wọn bí fóltéèjì àti kúrẹ́ǹtì ṣe tóbi tó àti igun tí ìgbì wọn wà, aago sátẹ́láìtì sì ń mú kí àwọn méjèèjì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Mo máa ṣírò bí fóltéèjì ṣe ń rọ̀ láti ìhín, kí n ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọ̀hún. Ibi tí méjèèjì bá ti bára dọ́gba ni ọ̀ràn wà, ohun yòówù tí iná ìbáà gbà lọ.

Mo ṣe é. Kìlómítà 97 ló jáde. Gbogbo ìlà ọ̀hún kò ju 64 lọ! Mo tún ìṣirò ṣe lẹ́ẹ̀mejì, mo bú kọ̀ǹpútà, 97 náà ni.

Aago ló sọ sí mi lọ́kàn. Iná tiwa ń yí ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan; bí aago kan bá fi ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá ṣìnà, igun ti yẹ̀ ní dígírì 18 nìyẹn. Mo padà sí àkọsílẹ̀ ìgbà tí ìlà ṣì wà lálàáfíà. Ẹrù díẹ̀ ló ń gbé nígbà náà, igun orí méjèèjì kò yẹ kó ju dígírì 2 síra wọn. 20 ló wà níbẹ̀. Wáyà eriali ọ̀kan ti jẹrà, aago rẹ̀ sì ti ń dá rìn láìgbọ́ ti sátẹ́láìtì mọ́. Mo yọ 18 yẹn kúrò, mo tún ṣírò: kìlómítà 37.4.

Mo gun zẹ́míjàn, ọ̀kadà tiwa, títí dé ibi tí ọ̀nà ti parí, mo fẹsẹ̀ rìn ìyókù. Òpó kejì sí ibi tí mo fojú sùn, igi tíìkì kan ti ga kan wáyà, orí rẹ̀ jó dúdú. Bàbá olóko jáde wá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníná."

"Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ ò gbọ́ nǹkan kan níbí?"

"Ó dún bí ìbọn! Lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti rò pé ọdẹ ni."

A pa ìlà náà pátá, a so ó mọ́ ilẹ̀, lẹ́yìn náà la tó gé igi. Bàbá wáá ní ta ni yóò san owó tíìkì òun. Ìyẹn ò sí nínú ìṣirò tèmi. Mo júwe ọ̀gá fún wọn.