Ẹ Fọwọ́ Bo Ọ̀rọ̀ Inú Rẹ̀: Bí Mo Ṣe Ń Ṣe Ìwé Ìtàn Bíbélì Aláwòrán Fọ́mọdé

Ìwé pẹlẹbẹ kan ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí, n ò sì lè ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ẹnì kan ló mú un bọ̀ láti Thailand fún ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi wa ní Ẹ̀búté Mẹ́ta: ìtàn Bíbélì ní èdè Karen, èdè àwọn ẹ̀yà kan tó ń gbé Myanmar àti Thailand. Lẹ́tà wọn rí roboto bí ìlẹ̀kẹ̀ tó dà sílẹ̀. Mo gbé e fún àwọn ọmọ kíláàsì mi kí wọ́n fi ṣeré kí n tó pe rẹ́jísítà tán. Ìgbà tí mo máa fi gbójú sókè, ọmọ ọdún mẹ́fà kan ti ń sọ ìtàn Jónà fáwọn yòókù, láti inú ọkọ̀ dé inú ẹja, kò sì ṣì í sọ.

Torí náà, àwòrán ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ mú ìtàn kan péré, ẹ pín in sí bí ìran mẹ́wàá, ẹ yà á. Ẹ wá fi han ọmọ tí kò gbọ́ ìtàn náà rí. Bí kò bá lè sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹ tún un yà.

Ẹni tó ń kọ ara dánfó ló ń yàwòrán fún mi. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ gan-an, àmọ́ ẹ máa wò ó lẹ́yìn. Ó ya igi tó ní ẹ̀ka méjì tí wọ́n so rọ́bà mọ́, ó ní kànnàkànnà Dáfídì nìyẹn. Mo ní, "Bùọ̀dá, rọ́bà wo láyé Dáfídì?" Awọ ni, wọ́n á fi òkúta sí àárín rẹ̀, wọ́n á fì í yípo lókè orí kó tó fò lọ. Ó tún un yà, ó dára. Àfi bí ọmọbìnrin kan ṣe gbé ìka lé e, tó kà á: "Àǹtí, mẹ́rin ni o!" Òkúta márùn-ún ni Dáfídì ṣà lódò. Àwọn ọmọdé máa ń kà á, ẹ má tàn ara yín jẹ.

Ọ̀rọ̀ ò gbọ́dọ̀ ju ìlà méjì lọ lábẹ́ àwòrán kan. Ẹ má da Bíbélì kọ. "Sì kíyèsí i" dùn létí àgbà, ṣùgbọ́n "Ẹ wò ó!" lọmọ ń sọ. Ẹ kà á sókè kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ fi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ sí i, gbogbo rẹ̀. Èdè Karen náà ní ohùn bíi tiwa. Jonathan Wade, míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà, ló fi lẹ́tà Burma (ìyẹn Myanmar) ṣètò bí wọ́n ṣe ń kọ Sgaw Karen, ọ̀kan lára àwọn èdè Karen, wọ́n sì ń fi àmì ohùn sí i. Odidi Bíbélì wọn jáde ní 1853, tiwa ní 1884. Inú ìwé ọmọdé wọn yẹn, àmì ò sọnù. Tèmi ńkọ́? Ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ṣí fáìlì Word mi, gbogbo àmì fò lọ. "Ọkọ̀ Nóà" di "Oko Noa", àwọn ọmọ ń bi mí ohun tó gbìn. Òótọ́ ni pé Nóà gbin àjàrà, àmọ́ lẹ́yìn ìkún omi ni! Àádọ́ta ẹ̀dà ni mo fi bíírò tún ṣe. PDF ni kẹ́ ẹ máa gbé lọ.

Ti pépà ò le. Ẹ ká A4 sí méjì, ojú ìwé mẹ́rin ni. Nítorí náà, kí iye ojú ìwé yín ṣeé fi mẹ́rin pín. Mẹ́rìndínlógún ló rọ̀ mí lọ́rùn, ìyẹn A4 mẹ́rin. Èèpo ẹ̀yìn nìkan ni kó nípọn. Kí wọ́n gún pín méjì sí àárín, kí ẹnu pín sì wà nínú, kó má bàa ha ọmọ lọ́wọ́.

Kí wọ́n tẹ ẹyọ kan fún yín ná. Ẹ gbé e lọ fún ọmọ, ẹ fọwọ́ bo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ẹ ní kó sọ ìtàn náà fún yín. Ìgbà tó bá sọ ọ́ tán lẹ tó lè san owó ìyókù.