Pẹ́dàlì bíréèkì tó ń rì: ẹ wá ibi tí òróró ń gbà lọ kẹ́ ẹ tó ra nǹkan kan

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń na ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Kétu bíi tèmi, ẹ gbọ́. Lọ́jọ́ kan mo dúró ní Pobè, màmá kan ń to àpò gaàrí rẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò, mo kàn fẹsẹ̀ lé bíréèkì kí mọ́tò má baà yí, àfi bí pẹ́dàlì ṣe ń lọ sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ìgbà tẹ́sẹ̀ ń rì nínú ẹrọ̀fọ̀, tí mo bá yára tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì á tún gòkè padà. Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ bá ò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò, ó ní maître-cylindre, ìyẹn pọ́ǹpù ńlá tó ń ti òróró bíréèkì lọ sí táyà, ti kú, kí n lọ ra òmíì. Mo rà á, ó dè é mọ́ ọn, pẹ́dàlì ṣì ń rì! Àṣé pọ́ǹpù kékeré inú tambour (irin bí ìlù tí bíréèkì wà nínú ẹ̀) ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì ló ń jò. Bí owó ṣe lọ nìyẹn.

Gbogbo pẹ́dàlì tó bá wà nílẹ̀ kọ́ ló ń rì ṣá. Tó bá rọ̀ bíi fóòmù, atẹ́gùn ló wọ páìpù. Tó bá lọ jìnnà kó tó mú, àmọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ léraléra ó ga, ó sì dúró gbọn-in, bíréèkì ẹ̀yìn ló ti jìnnà sí tambour, ẹ ní kí wọ́n sún un mọ́ra. Ìkan tún wà tí kì í ṣe àìsàn rárá: ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó sítáàtì, bí ẹ́ńjìnnì bá ti dún pẹ́dàlì á wọlẹ̀ díẹ̀, á sì dúró, servo, ẹ̀rọ tó ń bá ẹsẹ̀ yín tẹ bíréèkì, ló ń ṣiṣẹ́ yẹn, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi gbowó lọ́wọ́ yín.

Èyí tó ń rì gan-an, ẹ má gbé e jáde títí tẹ́ ẹ fi mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ gbé mọ́tò sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fi òkúta há táyà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ tẹ pẹ́dàlì bí ìgbà márùn-ún sí mẹ́fà títí á fi le, ẹ wá fi ẹsẹ̀ lé e kẹ́ ẹ ka oókan dé 60. Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, lẹ́yìn náà ẹ tún un ṣe, kẹ́ ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Ìrọra-tẹ̀ yẹn ló máa ń tú àṣírí o, torí rọ́bà inú maître-cylindre tó ti jẹ máa ń fẹ̀ mọ́ ògiri tí a bá fi agbára tẹ̀ ẹ́, ó lè dúró, àmọ́ tẹ́ ẹ bá rọra tẹ̀ ẹ́ òróró á yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá.

Ẹ wá ṣí kápò, ẹ fi bírò fàlà sára ike liquide de frein (òróró bíréèkì) níbi tí òróró dé. Tó bá ń dín kù, ìta ló ń jò sí. Ẹ wo ẹ̀yìn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú lọ́hùn-ún, ẹ wo ìsàlẹ̀ tambour, ẹ ká rọ́bà tó bo pọ́ǹpù kékeré yẹn sókè, tí òróró bá ṣàn jáde, òun nìyẹn. Ẹ tẹ flexible (páìpù rọ́bà bíréèkì) kẹ́ ẹ rí i bóyá ó ti sán, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ pa páìpù irin níbi tí wọ́n ti dè é mọ́ abẹ́ mọ́tò, ibẹ̀ ni ìpẹtà fẹ́ràn. Tí òróró bá ń dín kù tí ẹ ò rí ibi tó tutù, ẹ tú nọ́ọ̀tì méjì tó di maître-cylindre mú, ẹ fà á síwájú díẹ̀, ẹ ti ìka bọ ẹ̀yìn ẹ̀. Tó bá tutù, inú servo ló ń jò sí, a jẹ́ pé pọ́ǹpù ńlá náà lẹ máa ra lóòótọ́.

Tí òróró ò bá dín kù rárá tí pẹ́dàlì sì ń rì, inú pọ́ǹpù ńlá ló ti ń yọ́ kọjá. Mọ́tò tó ní ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà dì tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì), ẹ̀rọ ABS náà lè ṣe irú ẹ̀, torí ẹ̀ kí mẹkáníìkì yín tú páìpù kúrò lára maître-cylindre, kó fi bóòtù tó bá ojú ihò mu dí gbogbo ihò ẹ̀. Tí pẹ́dàlì bá le bí òkúta, pọ́ǹpù ò ṣe nǹkan kan, ẹ wá ọ̀ràn síwájú.

Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ maître-cylindre, ẹ kọ́kọ́ bu òróró sínú tuntun lórí tábìlì, kẹ́ ẹ rọra máa tì í títí tí kò fi ní yọ ìfòfó mọ́. Òróró tó bá kán sára kíkùn mọ́tò, ẹ yára da omi sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á bó o. Irú òróró tí wọ́n kọ sórí ìdérí, DOT 3 tàbí DOT 4, nìkan lẹ máa lò. Mo ti rí ẹni tó da òróró ẹ́ńjìnnì sí i, gbogbo rọ́bà ló wú! Ẹ má sì ra ìgò tí wọ́n ti ṣí, kpayo, ìyẹn bẹntiróòlù fàyàwọ́, lèèyàn lè rà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, liquide de frein máa ń fa omi látinú atẹ́gùn: DOT 4 tuntun ò gbọdọ̀ hó kó tó dé 230°C, tó bá ti fa omi ó lè hó ní 155°C.

Ìyọ-atẹ́gùn ló kù. Ike omi Possotomè kan, rọ́bà tó mọ́lẹ̀ gaara, sípánà, àti ọmọ kan tó gbọ́ràn lórí àga dẹ́rẹ́bà. “Tẹ̀ ẹ́! Dì í mú!” Ẹ tú nọ́ọ̀tì ìyọ-atẹ́gùn tó wà lẹ́yìn táyà, òróró á gba inú rọ́bà tú sínú ike, ẹ dè é, “Ó yá, fi sílẹ̀!” Tí ọmọ bá fi sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dè é, ẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Táyà ẹ̀yìn ọ̀tún la sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, iwájú òsì, àmọ́ àwọn mọ́tò míì ò tò ó bẹ́ẹ̀, ẹ wo ìwé ẹ̀. Ẹ máa bu òróró kún ike liquide de frein kó má gbẹ. Tí pọ́ǹpù bá sì ti dàgbà, ẹ fi igi há abẹ́ pẹ́dàlì kó má kanlẹ̀, torí ìpẹtà wà níbi tí rọ́bà inú ẹ̀ kì í dé, ó lè gé rọ́bà náà.

Ẹ rọra gbìyànjú ẹ̀ ní pápá tó ṣófo. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ tó kó èrò, ẹ ṣí kápò kẹ́ ẹ wo ìlà bírò yẹn.