Bí mo ṣe fi síléètì bo iwájú ilé Bàbá Tíṣà lásìkò ọ̀wọ́n

Ó ti tó oṣù márùn-ún tí mi ò rí iṣẹ́ òkúta ṣe. Táìlì ilé ìwẹ̀, táìlì kíṣìnì, ìyẹn ni mo ń rí he ládùúgbò LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́lé fún akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tó máa ń ní kí n wá fi òkúta bo òpó àti iwájú ilé àwọn, pẹ́ǹtì ni wọ́n ń kùn. Mi ò bá wọn wí. Látìgbà tí ìjọba ti yọ ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, tí náírà sì já lulẹ̀ ní June, òkúta tó ń ti Íńdíà àti Ṣáínà wọlé kì í ṣe ohun tí èèyàn kàn ń rà fi ṣe ẹ̀ṣọ́ mọ́.

Ní January 2024 ni Bàbá Tíṣà ránṣẹ́ pè mí. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ọ̀nà Ìlọrin nilé wọn wà. Ọmọ wọn obìnrin ń gbé ní Wales. Wọ́n lọ kí i, wọ́n rí àwọn ilé tí wọ́n fi òkúta pẹlẹbẹ ṣe òrùlé wọn, tó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún níbẹ̀.

"Síléètì tá a fi kọ ABD nílé ìwé náà ni! Òun ni mo fẹ́ lórí ilé mi."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gun òrùlé yín wò ná."

Mo fi àtàǹpàkò tẹ igi kan lókè, ó rì wọlé bí ìgbà téèyàn tẹ búrẹ́dì. Ikán ti jẹ ẹ́ tán. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì là á yé wọn. Páànù alumíníọ̀mù tí ò tó kìlò 3 ni igi ilé wa ń gbé lórí síkúwíà mítà kan. Síléètì á tó kìlò 30, torí pé wọ́n máa ń to ó gun ara wọn ni: ìṣó méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tòkè á bo orí ìṣó tìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n bá ti pàdé á di ìpele mẹ́ta. Òrùlé tó dagun ló sì ń fẹ́, kí omi lè máa sáré kúrò. Tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ bí àtẹ. Mo ní ká pààrọ̀ igi tó ti jẹrà, ká fi páànù sílẹ̀ lórí, ká wá fi síléètì bo ògiri iwájú àti òpó méjì. Síkúwíà mítà 14 péré. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n gbà.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Lọ́dún tó ṣáájú, mo gba iṣẹ́ kan ní kọ̀ngílá, ọjà àti owó iṣẹ́ pọ̀. Kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù, owó ọjà ti fò sókè, àpò ara mi ni mo fi parí ẹ̀. Nítorí náà, owó iṣẹ́ mi nìkan ni mo sọ fún Bàbá. Ọjà, mo ní ká jọ lọ sí Ìbàdàn, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn sanwó.

Wọ́n bá mi lọ lóòótọ́. Mo máa ń gbé síléètì dání lẹ́yọ lẹ́yọ, kí n fi ẹ̀yìn tírówẹ́ẹ̀lì tí mo fi ń ṣiṣẹ́ kàn án. Èyí tó dáa á dún gbọnrangandan bí agogo, èyí tó ti sán nínú á dún bù. Mo tún fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí ọ̀kan. Tó bá ń hó, ó ní ẹfun nínú, oòrùn àti òjò máa ṣá àwọ̀ rẹ̀. Kò hó. Nígbà tí Bàbá náà mú kọ́kọ́rọ́ wọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án, ọ̀gá tó ń tajà ò lè mú un mọ́ra: "Bàbá, ṣé gángan lẹ wá rà ni?"

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe rèé. Símẹ́ǹtì ti kọjá ₦10,000 nígbà yẹn. Ní February, ìjọba àtàwọn iléeṣẹ́ símẹ́ǹtì ní kó padà sí ₦7,000 sí ₦8,000. Nígbà tí mo dárúkọ ₦8,000 fún oníbàárà mi tó ń ta símẹ́ǹtì ní Sábó, ẹ̀rín ló fi mí rín. Gọ́ọ̀mù tá a fi ń lẹ táìlì náà ti wọ́n. Mo wá ní kí n fi símẹ́ǹtì àti iyanrìn lásán lẹ òpó àkọ́kọ́, kí n fi ìyẹn ṣọ́ owó Bàbá. Mi ò ha pẹ́ǹtì àtijọ́ tán, ọyẹ́ sì ń fẹ́ burúkú. Ògiri gbígbẹ fa gbogbo omi inú símẹ́ǹtì mu. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mọ́kànlá ti wà nílẹ̀, mẹ́rin ti fọ́. Bàbá ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn ń wò mí bí ọmọ tó gba òdo nínú ìṣirò.

Mo tú òpó náà palẹ̀. Èmi àti ọmọṣẹ́ mi fi ṣísẹ́ẹ̀lì sá ògiri títí ó fi rí hágahàga, a wọ́n omi sí i nírọ̀lẹ́, a tún wọ́n ọn láàárọ̀. Mo fowó ara mi ra gọ́ọ̀mù ti òpó yẹn. A fi aṣọ tútù nu eruku ẹ̀yìn òkúta kọ̀ọ̀kan, a bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú okùn àti lẹ́fẹ́ẹ̀lì, ìlà mẹ́ta péré lóòjọ́, kí ìsàlẹ̀ lè gan kó tó gbé tòkè. Tá a bá ń gé e, ọmọṣẹ́ mi á máa da omi sí i pẹ̀lú ìbòmú nímú, nítorí eruku òkúta yìí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi parí. Ti ìyá oníyán tó ń gbóúnjẹ wá fún wa, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ẹ kúkú mọ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété àti oúnjẹ òkèlè.

Iṣẹ́ méjì ló ti tibẹ̀ wá, òpó nìkan ni méjèèjì, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ odindi ògiri báyìí. Síléètì kan ṣẹ́kù lọ́dọ̀ Bàbá, wọn ò jẹ́ kí n gbé e lọ. Nígbà tí mo padà dé ibẹ̀, mo bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ owó gáàsì oṣù kọ̀ọ̀kan sí i, ìkan lábẹ́ ìkan.